Ohun tó Wà ní Ìsàlẹ̀ Ọkàn

Bí a bá bi ẹnì kan pé kí ló wà lọ́kàn rẹ̀, yóò rò pé òun mọ gbogbo rẹ̀. Àwọn tó ń wo àìsàn ọkàn ní kò rí bẹ́ẹ̀. Apá kan wà ní ìsàlẹ̀ ọkàn tí ẹni tó ni ín gan-an kò mọ̀, bẹ́ẹ̀ tọ̀sán-tòru ni apá náà ń ṣiṣẹ́.

Ọ̀kan nínú àwọn tó wádìí ọ̀rọ̀ yìí ni Dókítà Carl Jung. Ilẹ̀ Switzerland ni wọ́n bí i sí ní 1875. Ní 1900 ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ ní ìlú Zürich. Ìdánwò kan tó ń ṣe níbẹ̀ rọrùn. Yóò pe ọ̀rọ̀ kan, ẹni tó jókòó níwájú rẹ̀ yóò sì fi ọ̀rọ̀ tó bá kọ́kọ́ wá sí i lẹ́nu dáhùn. Bó bá pe "orí", onítọ̀hún lè ní "irun". Ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀ ni yóò pè bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú aago lọ́wọ́, irú èyí tó ń pín ìṣẹ́jú àáyá kan sí ọ̀nà 5. Ìdáhùn a máa yá. Ṣùgbọ́n lójijì ẹni náà á dákẹ́, tàbí kó rẹ́rìn-ín, tàbí kó ṣì í sọ. Kí ló dé? Ọ̀rọ̀ yẹn ti kan egbò kan nínú lọ́hùn-ún ni.

Ẹ gbọ́ èyí. Lọ́jọ́ kan, wọ́n jí owó nọ́ọ̀sì kan ní ilé ìwòsàn. 70 fáráǹkì ni, inú kọ́bọ́ọ̀dù ló fi í sí. Nọ́ọ̀sì 3 ni wọ́n fura sí. Jung kò bi wọ́n pé, "Ṣé ìwọ lo mú un?" Ó kàn da àwọn ọ̀rọ̀ bíi "owó" àti "kọ́bọ́ọ̀dù" mọ́ àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn, ó sì pè wọ́n fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan nínú wọn ń kọsẹ̀ níbi àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn ju àwọn tó kù lọ. Nígbẹ̀yìn ó jẹ́wọ́. Àmọ́ ẹ má ṣe rò pé ẹ ti rí ọ̀nà tí ẹ ó fi máa mú olè ládùúgbò o! Ẹni tí ẹ̀rù ń bà pé wọ́n á fẹ̀sùn kan òun lè kọsẹ̀ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú.

Jung kò dúró níbẹ̀. Ó kíyè sí i pé àwọn ènìyàn tó jìnnà sí ara wọn ń pa irú ìtàn kan náà: ìyá tó ń ṣìkẹ́ ọmọ, àgbà tó yọ lójijì láti gbani nímọ̀ràn, alárékérekè tó ń kó ara rẹ̀ sí wàhálà. Ṣebí a mọ alárékérekè yìí? Ìjàpá ni. Ìjàpá wà nínú ìtàn ní Kúbà náà, ṣùgbọ́n ìyẹn kò yani lẹ́nu: àwọn ènìyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú ló gbé e lọ. Ẹ wá wo àwọn Winnebago, tí wọ́n ti wà ní Amẹ́ríkà kí òyìnbó tó dé. Àwọn náà ní alárékérekè tiwọn. Ta ló gbé e fún wọn? Jung kọ àlàyé sínú ìwé ìtàn yẹn, tó jáde lédè Gẹ̀ẹ́sì ní 1956.

Ó ní a bí i mọ́ni ni. Kì í ṣe ìtàn náà la bí mọ́ni o, bí kò ṣe ohun tó ń mọ ìtàn. Àpótí tí a fi ń mọ bíríkì lè jẹ́ ọ̀kan, kí amọ̀ yàtọ̀. Àpótí yẹn ló pè ní ákítáìpù. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan kò gbà. Wọ́n ní gbogbo ènìyàn ló ní ìyá, gbogbo ènìyàn ló dàgbà lábẹ́ àgbà, ìtàn wọn kò ṣe ní jọra? Ọ̀rọ̀ wọn ní ìtumọ̀ lójú tiwa. Jung kú ní 1961, àríyànjiyàn náà kò tí ì parí.

Èyí tó kan ilé oníkálukú jù ni èyí tí Jung pè ní òjìji: ìwà tí a kórìíra nínú ara wa, tí a tì sí ìsàlẹ̀ ọkàn. Kì í kú síbẹ̀. Ara ẹlòmíràn la ti máa ń rí i, inú á sì máa bí wa sí onítọ̀hún ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ̀gbọ́n kan ń ṣojúkòkòrò sí oko àbúrò rẹ̀, ṣùgbọ́n kò jẹ́ gbà bẹ́ẹ̀ láéláé. Ohun tó ń sọ fún ẹbí ni pé àbúrò fẹ́ gba ti òun. Kò mọ̀ọ́mọ̀ purọ́ o, ohun tó rí nìyẹn. Bí ẹbí bá sì gbà á gbọ́, àbúrò tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ni yóò pàdánù oko.