Wáàtì ara páálí kọ́ ni ohùn tó ń dé etí

Ìròyìn pé Harman, iléeṣẹ́ tó wà lábẹ́ Samsung, ra Sound United lọ́wọ́ Masimo ní 350 mílíọ̀nù dọ́là ti dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín àwọn tó fẹ́ràn ohùn tó mọ́. Kò yani lẹ́nu. Denon wà nínú ẹrù tó kúrò lọ́wọ́ kan bọ́ sí òmíràn yìí, Marantz wà níbẹ̀, Bowers & Wilkins àti Polk náà wà níbẹ̀; JBL, Infinity àti Mark Levinson sì ti wà lábẹ́ òrùlé Harman tipẹ́. Bílíọ̀nù kan dọ́là ó lé díẹ̀ ni Masimo, tó jẹ́ pé irinṣẹ́ ilé ìwòsàn ni iṣẹ́ rẹ̀ gan-an, san lórí Sound United ní 2022. Lẹ́yìn bí ọdún mẹ́ta ló tà á ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta owó náà.

“Ṣé Marantz yóò ṣì máa dún bíi Marantz?” ni ọ̀pọ̀ ń béèrè. Ìbéèrè yẹn dára, n óò sì padà sí i. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ń bi mí jù láti ìgbà náà ni ti ẹni tó fẹ́ to sinimá kékeré sí pálọ̀ rẹ̀: “Wáàtì mélòó ni kí n rà?” Lójú tèmi, ìbéèrè yìí ló ń ná àwọn èèyàn wa lówó jù nínú ọ̀rọ̀ sípíkà, torí pé ohun tí wọ́n rò pé wáàtì ń wọ̀n kọ́ ló ń wọ̀n.

Iná tí áńpílífáyà lè gbé fún sípíkà ni wáàtì ń wọ̀n. Oúnjẹ ni. Iye oúnjẹ tí òṣìṣẹ́ kan jẹ kò sọ iye ebè tó kọ, nínú gbogbo ohun tó sì ń jẹ iná nínú ilé, agbára káká la fi lè rí èyí tó ń fi oúnjẹ ṣòfò tó sípíkà.

Ní 1925 ni Chester Rice àti Edward Kellogg, òṣìṣẹ́ General Electric ní Amẹ́ríkà, ṣàlàyé irú sípíkà tí a ṣì ń lò dòní. Wáyà tín-ín-rín ni wọ́n wé bí òrùka, wọ́n tì í bọ àárín òòfà, wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdí páálí tó rí bí àrọ. Bí iná orin bá gba inú wáyà náà kọjá, òòfà á máa tì í síwájú, á máa fà á sẹ́yìn, páálí á sì máa ti afẹ́fẹ́ kiri. Ìtìkiri afẹ́fẹ́ yẹn ni ohùn. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé afẹ́fẹ́ fúyẹ́ jù fún ohun tó ń tì í. Ó dà bí ìgbà téèyàn ń fi àtẹ́lẹwọ́ tu ọkọ̀ ojú omi. Nínú wáàtì kan tó bá wọ inú sípíkà ilé tó wọ́pọ̀, bí ìdá kan nínú 300 ló ń jáde bí ohùn. Gbogbo ìyókù di ooru sínú wáyà.

Òǹkà tó ń sọ bí sípíkà kan ṣe ń fi iná ṣòfò tó wà nínú ìwé tó ń bá a wá. Sensitivity ni wọ́n máa ń kọ síbẹ̀, àwọn tó ń tà á kì í sì í sábà dárúkọ rẹ̀. Wọ́n á fún sípíkà ní wáàtì kan, wọ́n á gbé ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sí mítà kan níwájú rẹ̀, wọ́n á ka iye dẹ̀síbẹ̀lì tó jáde. Sípíkà tó bá jẹ́ 87 ni ti ìdá kan nínú 300 tí mo wí yẹn. Púpọ̀ nínú àwọn tí à ń lò nínú ilé wà láàárín 84 sí 91.

A kì í ka dẹ̀síbẹ̀lì bí a ṣe ń ka iṣu. Bí ohùn bá fi dẹ̀síbẹ̀lì 3 lé sí i, wáàtì tó gbé e wá ti di ìlọ́po méjì. Bó bá fi 10 lé sí i, wáàtì ti di ìlọ́po mẹ́wàá, etí wa yóò sì sọ pé ohùn náà fi bí ìlọ́po méjì péré ròkè. Ẹ wá wo ẹni tó fi owó lé owó kó lè kúrò lórí áńpílífáyà wáàtì 50 bọ́ sórí ti 100: dẹ̀síbẹ̀lì 3 ló rà. Etí á mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun téèyàn ń pe aládùúgbò wá gbọ́. Ẹni tó fi wáàtì 50 rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà, tó wá pààrọ̀ sípíkà 84 sí 90, ti gba ohùn tí ẹni àkọ́kọ́ yóò ra wáàtì 200 kó tó rí.

Gbohùngbohùn ẹlẹ́nu fèrè tó wà lórí òpó mọ́ṣáláṣí ni ẹlẹ́rìí mi. Áńpílífáyà tó ń gbé e lè má ju wáàtì 30 lọ, síbẹ̀ ìpè ìrun àsùbáà ń dé òpópónà kẹta. Ẹnu fífẹ̀ yẹn ló ń jẹ́ kó di afẹ́fẹ́ mú dáadáa, bí àjẹ̀ ṣe ń di omi mú níbi tí àtẹ́lẹwọ́ ti ń yọ́. Irú ẹnu bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ilé sinimá àtijọ́ fi mú kí ohùn kún gbọ̀ngàn ńláńlá nígbà tí áńpílífáyà oníwáàtì púpọ̀ kò tíì sí. Paul Klipsch, ní ìlú Hope ní ìpínlẹ̀ Arkansas, gbé e wọ inú ilé ní 1946 nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe Klipschorn, tí òǹkà rẹ̀ fi dáadáa ju 100 lọ. Ṣùgbọ́n ẹrù ńlá ni Klipschorn. Ó ga dé àyà àgbàlagbà, igun yàrá ló sì ń gbé, torí ògiri méjèèjì ni wọ́n fi parí ẹnu rẹ̀.

Ibí yìí ni báàsì ti dé. Ní 1954, Edgar Villchur àti Henry Kloss dá Acoustic Research sílẹ̀ ní Cambridge, Massachusetts. Àpótí tí wọ́n dé pinpin ni wọ́n gbé jáde, tó jẹ́ pé afẹ́fẹ́ tó há sínú rẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ sípíríǹgì fún páálí. Báàsì tó ń ti inú àpótí kékeré yẹn jáde ya àwọn èèyàn lẹ́nu. Owó tí wọ́n san fún un ni wáàtì: àpótí náà ń jẹ iná púpọ̀ kó tó sọ̀rọ̀ sókè. J. Anton Hofmann, ọmọ Josef Hofmann tó jẹ́ gbajúgbajà atẹdùùrù, òun náà ló ni H inú KLH, fi òfin kan lélẹ̀ tí kò tíì sẹ́ni tó borí rẹ̀. Kí àpótí kéré, kí báàsì jìn, kí wáàtì díẹ̀ mú ohùn púpọ̀ jáde: méjì ni kó o mú nínú mẹ́ta. Gbogbo sípíkà tó wà lórí àtẹ lónìí ló ti fi ọ̀kan sílẹ̀. Èyí tó fi sílẹ̀ ló yẹ kí olùrà wá.

Ẹ jẹ́ ká gbé e wá sí pálọ̀. Àga jìnnà sí sípíkà ní mítà mẹ́ta, sípíkà jẹ́ méjì, òǹkà ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 87. Dẹ̀síbẹ̀lì 75 ti tó kí orin kún yàrá láìjẹ́ pé ẹ̀ ń pariwo bá ara yín sọ̀rọ̀. Tí mo bá ṣírò rẹ̀ bíi pé ògiri kankan kò ran ohùn lọ́wọ́, wáàtì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ kò pé ìdajì. Ìdajì wáàtì kan! Orin kì í dúró sójú kan ṣá. Bí ìyáàlù bá fọhùn lójijì, tàbí bí ìlẹ̀kùn bá gbá nínú fíìmù, ohùn lè fò sókè ní dẹ̀síbẹ̀lì 20, ìyẹn wáàtì ìlọ́po 100. Kò tíì ju 30 lọ síbẹ̀. Ẹni tí sípíkà tirẹ̀ jẹ́ 90 á lo bíi 14. Ẹni tó mú 84 á nílò bíi 56. Sípíkà ló ń pinnu wáàtì, kì í ṣe wáàtì ló ń pinnu sípíkà.

Sinimá le ju orin lọ. Ìwọ̀n tí àwọn aṣefíìmù ń lò fàyè sílẹ̀ kí sípíkà kan ṣoṣo fò dé 105 níbi tí òǹwòran jókòó. Kí sípíkà 87 tó ṣe ìyẹn ní mítà mẹ́ta, á tó wáàtì 560. Ẹ má fòyà, ìwọ̀n gbọ̀ngàn nìyẹn. Ẹni tó bá yí i wálẹ̀ ní dẹ̀síbẹ̀lì 10, bí ọ̀pọ̀ ṣe ń ṣe nílé, á rí i pé 56 ti tó, pàápàá bí sọ́bùwúfà tó ní áńpílífáyà tirẹ̀ bá ti gbé báàsì kúrò lọ́rùn àwọn yòókù.

Ẹ ṣọ́ òǹkà sensitivity náà o, wọ́n ń dọ́gbọ́n sí i. Fóòtì 2.83 ni ọ̀pọ̀ ń lò dípò wáàtì kan. Bí sípíkà bá jẹ́ óòmù 8, ìyẹn ìwọ̀n bó ṣe ń dí iná lọ́nà, fóòtì yẹn jẹ́ wáàtì kan géérégé. Bó bá jẹ́ óòmù 4, wáàtì méjì ni. Sípíkà óòmù 4 tí wọ́n kọ 90 sí lára bẹ́ẹ̀, 87 ni tí a bá fi wáàtì kan wọ̀n ọ́n.

Ẹ̀tàn tó burú jù ni PMPO. Mo ra ẹ̀rọ kan nígbà kan tí wọ́n kọ 5000 W PMPO gàdàgbà sí iwájú páálí rẹ̀. Ìgbà tí mo gbé e délé tí mo yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò, iye iná tó ń fà lára ògiri kò pé wáàtì 70. Ibo ni 4930 yòókù á ti wá? Kò sí òfin kan pàtó tó sọ bí a ṣe ń wọn PMPO, nítorí náà ohun tó bá wu ẹni tó ń tẹ páálí ló lè kọ. Mo bínú, n ò puró, torí owó tí mo fi pamọ́ fún oṣù púpọ̀ ni.

Amẹ́ríkà ti bá irú èyí jà. Ní 1974 ni àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òwò níbẹ̀, FTC, gbé òfin jáde pé ẹni tó bá pe wáàtì áńpílífáyà ilé gbọ́dọ̀ sọ bó ṣe wọ̀n ọ́n. Ó ti di 2024 kí wọ́n tó tún un ṣe kí gbogbo iléeṣẹ́ lè máa wọ̀n ọ́n bákan náà: óòmù 8, láti ohùn 20 Hz títí dé 20,000 Hz, kí ìdàrú ohùn má sì tó ìdá kan nínú 100. Kí wọ́n tó tún un ṣe, rìsífà, ìyẹn áńpílífáyà tó ń gbé gbogbo sípíkà sinimá ilé, lè pe ara rẹ̀ ní wáàtì 100 lọ́nà méje nígbà tó jẹ́ pé ohùn kan ṣoṣo ni wọ́n fi dán an wò. Ó wù mí kí àwọn tó ń rí sí ojúlówó ọjà ní Nàìjíríà náà fi òfin de PMPO, torí pé ibi tí òfin bá ti dákẹ́ ni irú páálí bẹ́ẹ̀ ń gbà wọlé.

Mo ní n óò padà sí Marantz, tó jẹ́ pé áńpílífáyà ló fi lórúkọ. Iná áńpílífáyà kì í ṣe èyí tó le láti wọ̀n. Bí áńpílífáyà méjì bá lágbára tó fún sípíkà tí wọ́n gbé, tí ìdàrú ohùn wọn kò tó nǹkan, n kò rò pé etí ọ̀pọ̀ nínú wa á fi ìyàtọ̀ sáàárín wọn nínú òkùnkùn. Àwọn kan tí mo bọ̀wọ̀ fún kò gbà bẹ́ẹ̀, n kò sì ní bá wọn jà. Ohun tí ìdánwò ti fi hàn dáadáa ni ti sípíkà. Ní 1994, Floyd Toole àti Sean Olive, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Harman yìí kan náà, ní kí òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ náà 40 gbọ́ sípíkà mẹ́rin. Wọ́n kọ́kọ́ fi aṣọ bò wọ́n, wọ́n sì tún ṣí wọn. Máàkì tí wọ́n fún wọn yí padà nígbà tí wọ́n rí ohun tí wọ́n ń gbọ́: ńlá rí máàkì sí i, kékeré pàdánù. Ojú lọ̀rọ̀ wà ni Yorùbá wí, ṣùgbọ́n bó bá di ti sípíkà, ojú a máa ba ọ̀rọ̀ jẹ́.

Harman mọ bí a ṣe ń wọn sípíkà yíká gbogbo ara rẹ̀, kì í ṣe iwájú nìkan, ọ̀nà ìwọ̀n ọ̀hún sì ti di ìlànà tí wọ́n kọ sílẹ̀ lábẹ́ orúkọ CTA-2034. Ohun tí mò ń wò nínú rírà yìí ni bóyá wọ́n á tẹ èsì irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ jáde fún Bowers & Wilkins àti Polk. Tí wọ́n bá ṣe é, ó ṣeé ṣe kí ohùn àwọn orúkọ wọ̀nyí jọra díẹ̀ sí i. Mi ò tíì rí ìdí tí ìyẹn fi gbọ́dọ̀ dunni.

Ní tèmi, mo ti fún ẹlòmíràn ní ẹ̀rọ oní-5000 yẹn, mo sì sọ iye wáàtì rẹ̀ fún un. Sípíkà méjì tí òǹkà wọn jẹ́ 90 ló wà ní pálọ̀ báyìí, pẹ̀lú áńpílífáyà Class D oníwáàtì 40 tí kì í fi iná ṣòfò bíi ti àtijọ́. Nígbà tí iná bá lọ, ínfátà ń gbé e láìmira, mi ò sì ní láti tan jẹnẹrétọ̀ tí ariwo rẹ̀ á bo orin náà mọ́lẹ̀.