Nígbà tí ọ̀nà ìfun bá dí

Ẹnu ni oúnjẹ ń gbà wọlé. Ìdí ni ìyókù rẹ̀ ń gbà jáde. Ìfun ńlá, tí gígùn rẹ̀ tó mítà kan ààbọ̀, ni ó ń gbé ìyókù náà dé ìdí. Bí jẹjẹrẹ bá mú ìfun yìí, kókó rẹ̀ lè dàgbà díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dí ọ̀nà náà pa.

Àwọn àmì rẹ̀ nìyí: aláìsàn kò lè yàgbẹ́ mọ́, kò sì lè só. Ikùn rẹ̀ a wú, a sì le bí ìlù. Inú a máa run ún. Ó sì lè máa bì. Àwọn mìíràn a fún un ní àgbo tí ń mú ni yàgbẹ́. Ewu ńlá ni! Ìfun tí ó ti kún, tí kò rí ọ̀nà jáde, lè bẹ́. Ìgbẹ́ a dà sínú ikùn, ìyẹn sì lè pa aláìsàn. Ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an.

Láyé àtijọ́, iṣẹ́ abẹ kíákíá ni ìtọ́jú rẹ̀. Dókítà a la ikùn, ó sì sábà máa ń lu ihò sí i, kí ìgbẹ́ lè máa gba ibẹ̀ bọ́ sínú àpò. Láti nǹkan bí 1991 ni àwọn oníṣègùn ti ń lo ohun mìíràn tí wọ́n ń pè ní sítẹ́ǹtì.

Kí ni sítẹ́ǹtì? Ọ̀pá oníhò ni, tí wọ́n fi wáyà irin tín-ín-rín hun bí àwọ̀n. Dókítà a ti okùn ẹ̀rọ tí ó ní iná àti ẹ̀rọ ayàwòrán gba ìdí aláìsàn dé ibi tí ó dí. Níbẹ̀ ni yóò ti tú sítẹ́ǹtì tí wọ́n ti fún pọ̀ sílẹ̀. Irin náà a fẹ̀ fúnra rẹ̀, a sì la ọ̀nà. Wọn kò la ikùn rárá.

Sítẹ́ǹtì kò wo jẹjẹrẹ sàn. Àyè ni ó ń fún ni. Ara aláìsàn a balẹ̀, dókítà a yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, wọn a sì ṣe iṣẹ́ abẹ lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹni tí ara rẹ̀ kò lè gba iṣẹ́ abẹ lè máa lò ó lọ bẹ́ẹ̀, kí ó lè máa yàgbẹ́ ní ìrọ̀rùn. Àmọ́ ó ní ewu tirẹ̀: ó lè lu ìfun, ó lè yẹ̀ kúrò ní àyè rẹ̀, ó sì tún lè dí. Kì í sì í ṣe gbogbo ilé ìwòsàn ni ó ní in.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má dúró di ìgbà tí ọ̀nà bá dí. Ẹni tí ó bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ rẹ̀, tàbí tí ó ń rù láìnídìí, kí ó tètè lọ rí dókítà. Àìtètè mú olè, olè a mú olóko.