Ẹ jẹ́ ká mọ̀: abẹ́rẹ́ tó wà lẹ́yìn iṣan tó yọ

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Ajue, Ọ̀rẹ̀ àti Odìgbó tẹ́ ẹ ń gbé irin, ẹ má fi ara yín wé gbogbo ara tẹ́ ẹ ń rí lórí fóònù; abẹ́rẹ́ ló wà lẹ́yìn òmíràn nínú wọn. Lọ́dún 1996, àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà gún àwọn ọkùnrin kan ní abẹ́rẹ́ testosterone (hòmóònù ọkùnrin), miligíráàmù 600 lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 10. Àwọn tó gbabẹ́rẹ́ láìgbé irin rárá fi nǹkan bíi kílò 3 ẹran ara lé. Àwọn tó gbé irin láìgba oògùn, kílò 2 péré. Ẹni tó jókòó borí ẹni tó làágùn! Oògùn yìí sì lè mú kórópọ̀n súnkì, kó dín àtọ̀ kù, kó ba ọkàn jẹ́. Ẹ̀wà, ẹyin, oorun àti ọ̀pọ̀ ọdún ni ara tòótọ́ ń gbà.