Gbèsè Tí Ó Wà Lọ́rùn Aṣètò Kọ̀ǹpútà Nígbà Tí Ó Bá Pa Ètò Rẹ̀ Tì

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá, ọdún 2025, ilé-iṣẹ́ Microsoft ti Amẹ́ríkà dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró. Láti oṣù keje ọdún 2015 ni ètò náà ti jáde, òun ni ó sì wà nínú púpọ̀ nínú àwọn kọ̀ǹpútà tí à ń lò ní Ṣágámù, ní Ìkẹ́nnẹ́, ní Ìpẹru àti ní àwọn ìlú Rẹ́mọ yòókù, ìbáà ṣe ní ọ́fíìsì, ní ilé-ẹ̀kọ́, tàbí ní ṣọ́ọ̀bù àwọn tí ń bá ará ìlú tẹ ìwé. Kọ̀ǹpútà kankan kò kú ní ọjọ́ náà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ ní ọjọ́ kejì, gbogbo wọn ṣe iṣẹ́ wọn bí ìṣe wọn. Èyí ni kò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀, òun náà sì ni ó mú kí ọ̀rọ̀ yìí gba àlàyé.

Kí ni ìtọ́jú tí à ń wí yìí? Àkójọ àṣẹ tí ènìyàn kọ fún ẹ̀rọ ni ètò kọ̀ǹpútà. Àṣẹ náà pọ̀ ju ohun tí ẹnì kan lè kà tán lọ, kò sì sí ẹni tí ó lè kọ irú rẹ̀ láìṣe àṣìkọ. Inú àṣìkọ bẹ́ẹ̀ ni ihò ti ń wà tí olè ń gbà wọlé. Bí a bá rí ihò kan, aṣètò a kọ àṣẹ kékeré mìíràn láti fi dí i, a sì fi í ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àbùlẹ̀ ni n ó máa pe irú àṣẹ kékeré yìí, nítorí iṣẹ́ kan náà ni ó ń ṣe pẹ̀lú èyí tí à ń fi sí ara aṣọ tí ó ya. Láti dáwọ́ ìtọ́jú dúró já sí pé àbùlẹ̀ kò ní wá mọ́, ṣùgbọ́n ihò kò ní ṣàì máa yọjú. Kódà, àbùlẹ̀ tí a bá fi ránṣẹ́ sí ètò tuntun lè fi ojú ihò ètò àtijọ́ han olè, nítorí ọmọ ìyá ni àwọn méjèèjì; àṣìkọ tí ó wà nínú ọ̀kan sábà máa ń wà nínú èkejì.

Àwọn kan yóò wí pé alágbẹ̀dẹ tí ó ta ọkọ́ kò jẹ ẹni tí ó rà á ní gbèsè pípọ́n rẹ̀ títí ayé. Òótọ́ ni. Windows XP jáde ní ọdún 2001, wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ títí di ọdún 2014. N kò mọ oníṣẹ́-ọwọ́ tí a lè sọ pé kí ó ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí owó ẹ̀ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n ọkọ́ kì í ṣe ètò kọ̀ǹpútà. Bí alágbẹ̀dẹ tí ó rọ ọkọ́ bá kó kúrò ní ìlú, alágbẹ̀dẹ mìíràn yóò pọ́n ọn, nítorí irin wà níwájú gbogbo ènìyàn. Ní ti ètò kọ̀ǹpútà, aṣètò fi àkọsílẹ̀ rẹ̀ pamọ́, ó sì fi òfin dí ọwọ́ ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ tú u wò. Ẹni tí ó bá ti sọ pé òun nìkan ni yóò máa tún nǹkan ṣe kò lè dìde ní ọjọ́ kan kí ó wí pé òun kò ṣe mọ́, kí ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Aránṣọ ni ó jọ jù. Aránṣọ tí ó bá fẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa ní Sábó Ṣágámù kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè agbádá tuntun, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ aṣọ oníaṣọ.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ti àbùlẹ̀. Ní ọjọ́ 12 oṣù karùn-ún, ọdún 2017, kòkòrò kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n pè ní WannaCry gba ihò kan wọ inú kọ̀ǹpútà tí ó lé ní 200,000 ní nǹkan bí 150 orílẹ̀-èdè. Ó ti fáìlì pa mọ́ àwọn tí ó ni ín, ó sì ní kí wọ́n san owó kí òun tó ṣí i. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ilé-ìwòsàn ìjọba dá aláìsàn padà sílé, wọ́n sì sún iṣẹ́ abẹ síwájú. Microsoft ti fi àbùlẹ̀ ihò náà ránṣẹ́ láti oṣù kẹta ọdún náà sí àwọn ètò tí wọ́n ṣì ń tọ́jú. Àwọn tí ń lo Windows XP kò rí i gbà, àfi àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń san owó ọ̀tọ̀. Ìgbà tí ilé ti ń jó ni wọ́n tó gbé e jáde fún gbogbo ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́. Kí a má parọ́ mọ́ wọn: Windows 7 ni ó wà nínú èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn kọ̀ǹpútà tí kòkòrò náà mú, àbùlẹ̀ ti wà fún ìyẹn, àwọn oníkọ̀ǹpútà ni kò lò ó. Síbẹ̀, ìyàtọ̀ ńlá wà láàrin ẹni tí kò ṣe àbùlẹ̀ mọ́ àti ẹni tí ó ṣe é, tí ó sì fi í sínú àpò di ìgbà tí a bá sanwó. Ti àkọ́kọ́ lè jẹ́ ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ti èkejì ni n kò rí ọ̀nà tí a lè gbà dá a láre.

Irú rẹ̀ náà ni ó tún ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2025. Microsoft ń ṣe àbùlẹ̀ Windows 10 lọ, ṣùgbọ́n ó di títà. Fún ilé-iṣẹ́, iye owó tí wọ́n kéde lórí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan jẹ́ dọ́là 61 ní ọdún kìn-ín-ní, 122 ní ọdún kejì, 244 ní ọdún kẹta. Fún ilé-ẹ̀kọ́ tí ó bá ní àdéhùn pẹ̀lú wọn, ó jẹ́ dọ́là 1, 2 àti 4. Ẹni tí ó ń lò ó nílé yóò san dọ́là 30 fún ọdún kan, tàbí kí ó gbà kí ìṣètò kọ̀ǹpútà rẹ̀ máa lọ sínú ìpamọ́ wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn tí ẹgbẹ́ àwọn oníbàárà ní Yúróòpù fi ẹ̀hónú hàn, wọ́n yọ owó àti májẹ̀mú náà kúrò fún àwọn ará ibẹ̀. Àbùlẹ̀ kan náà ni o! Bí ohun kan bá jẹ́ dọ́là 427 ní ọdún mẹ́ta fún ẹnì kan, tí ó jẹ́ 7 fún ẹlòmíràn, tí ará Brussels sì gba ti ọdún kan lọ́fẹ̀ẹ́, a mọ̀ pé kì í ṣe iye tí iṣẹ́ náà ná wọn ni a fi dá owó lé e.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ta bá àwa ará Rẹ́mọ ni ti kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀. Ọjọ́ òpin Windows 10 kò fara sin, ó ti wà nínú ìwé Microsoft láti ọdún 2015. Ohun tí kò hàn títí di oṣù kẹfà ọdún 2021 ni pé Windows 11, tí yóò rọ́pò rẹ̀, kò ní gba ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí a ṣe ṣáájú nǹkan bí ọdún 2017, bí ó ti wù kí wọ́n lágbára tó. Àwọn ọ́fíìsì òkè òkun wá ń kó irú wọn dànù, wọ́n ń dé Ìkẹjà, láti ibẹ̀ wọ́n ń dé Ṣágámù. Olùkọ́ tí ó kó owó oṣù mélòó kan jọ ra ọ̀kan ní ọdún 2024, kò sì sí ẹni tí ó sọ fún un pé ọdún kan péré ni ó kù. Microsoft lè wí pé òun kò bá olùkọ́ yìí ná ọjà. Ṣùgbọ́n ètò náà bá kọ̀ǹpútà wá, wọ́n sì fi àbùlẹ̀ ránṣẹ́ sí i ní ilé rẹ̀ títí di ọjọ́ náà. Oníbàárà wọn ni.

Ní ti aṣọ tí a kò gbọdọ̀ tì mọ́lé, àwọn tí ó ti lo BlackBerry yóò rántí BBM, tí ó gbilẹ̀ ní ilẹ̀ wa ní nǹkan bí ọdún 2012. Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹrin, ọdún 2019, àwọn tí ń bójú tó o kéde pé yóò kásẹ̀ nílẹ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún, wọ́n sì ní kí àwọn ènìyàn tètè gba àwòrán àti fáìlì wọn sílẹ̀. Ọjọ́ 43 kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó kúkú sàn ju òdo lọ. Nọ́ńbà tí a fi ń mọ ara wa níbẹ̀ kò wúlò níbòmíràn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó sì pàdánù ọ̀rẹ́ tí kò ní nọ́ńbà fóònù rẹ̀.

Èyí tí ó kan àwa tí à ń kọ Yorùbá jùlọ kò ti òkè òkun wá. Nǹkan bí 25 ọdún sẹ́yìn, kò rọrùn rárá láti fi kọ̀ǹpútà tẹ ẹ, ọ àti ṣ pẹ̀lú àmì ohùn. Nọ́ńbà ni kọ̀ǹpútà ń tọ́jú, kì í ṣe lẹ́tà. Fọ́ǹtì ni ó ń sọ lẹ́tà tí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan yóò jẹ́ lójú wa. Àyè 256 péré ni fọ́ǹtì ìgbà náà sábà máa ń ní, lẹ́tà àwọn èdè Yúróòpù ni ó sì kún inú rẹ̀. Àwọn aṣètò kan, tí ọmọ Yorùbá wà lára wọn, dá ọgbọ́n sí i: wọ́n yọ lẹ́tà tí a kò lò, wọ́n fi tiwa sí àyè rẹ̀. Wọ́n ṣe wá lóore. Ṣùgbọ́n olúkúlùkù ni ó yan àyè tí ó wù ú, tí ó sì fi í ṣe àṣírí ọjà rẹ̀. Bí fọ́ǹtì náà kò bá sí nínú kọ̀ǹpútà, nọ́ńbà yóò wà síbẹ̀ ṣùgbọ́n ìtumọ̀ rẹ̀ yóò ti sọnù; ibi tí a tẹ ẹ́ sí yóò di lẹ́tà Faransé kan, ibi tí a tẹ ọ̀ sí yóò di àmì owó.

Irú fáìlì bẹ́ẹ̀ kan wà lọ́wọ́ mi, àkójọ oríkì àwọn ìdílé kan ní Rẹ́mọ. Ẹni tí ó ta fọ́ǹtì tí a fi tẹ̀ ẹ́ ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, ètò rẹ̀ kò sì ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà òde òní. Bí ó bá jẹ́ ìròyìn ni, a ó fi òye gbé e. Ṣùgbọ́n ohùn àti ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni oríkì. Níbi tí àmì àjèjì méjì bá ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ k, ọkọ ni ẹni tí ó kì í wí ni, tàbí ọkọ́, tàbí ọkọ̀, tàbí ọ̀kọ̀? Àwọn àgbà mẹ́ta ni ó kì í fún ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́. Méjì nínú wọn ti di ará ọ̀run.

Kí ni aṣètò fọ́ǹtì náà jẹ wá? Kò jẹ wá ní fọ́ǹtì tuntun. Ojú ewé kan ṣoṣo ni ó jẹ wá, tí yóò ti kọ ọ́ pé nọ́ńbà báyìí ni ẹ, nọ́ńbà báyìí ni ẹ́. Bí a bá ní in, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó mọ kọ̀ǹpútà díẹ̀ yóò tún gbogbo fáìlì náà ṣe ní ọ̀sán kan. Lójú tèmi, nínú gbogbo gbèsè tí a ti kà sílẹ̀, òun ni owó rẹ̀ kéré jù tí àìsan rẹ̀ sì dunni jù. Lónìí, Unicode, tí ìtẹ̀jáde rẹ̀ àkọ́kọ́ wáyé ní ọdún 1991, ti fún ẹ ní nọ́ńbà 7865, ó fún ọ ní 7885, ó sì fún ṣ ní 7779. Àmì òkè jẹ́ 769, ti ìsàlẹ̀ jẹ́ 768. Gbogbo ayé ni a kọ ọ́ sí ojú rẹ̀, kò sì sí oníṣòwò kan tí ó lè kó o lọ.

Òfin ti ń bọ̀ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí. Láti oṣù kẹrin ọdún 2024, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ní kí àwọn tí ń ṣe ohun èlò ilé tí ó ń lo íntánẹ́ẹ̀tì sọ iye àkókò tí àbùlẹ̀ yóò fi máa wá. Yúróòpù ṣe òfin tirẹ̀ ní ọdún 2024 kan náà: ó kéré tán, ìtọ́jú ọdún márùn-ún, àyàfi bí ọjà náà kò bá ní pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ọdún 2027 ni a dá fún un láti múlẹ̀ pátápátá. Òfin Nàìjíríà ti ọdún 2018 tí ó dáàbò bo oníbàárà sọ pé kí ọjà ṣe é lò kí ó sì pẹ́ dé ìwọ̀n tí ó yẹ, ṣùgbọ́n kò dá iye ọdún àbùlẹ̀ lé e. Ohun tí agbẹjọ́rò lè fà yọ níbẹ̀ kò kéré, bí a bá rí ẹni tí yóò gbé ẹjọ́ náà dé kóòtù.

Ní ti àwọn fáìlì Yorùbá àtijọ́, ẹnikẹ́ni tí ó bá ní kọ̀ǹpútà tí fọ́ǹtì rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́, kí ó ṣí wọn níbẹ̀, kí ó sọ wọ́n di PDF, nítorí ìyẹn lè gbé àwòrán lẹ́tà dání. Lẹ́yìn náà kí ó tẹ gbogbo lẹ́tà wa pẹ̀lú àmì wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó kọ nọ́ńbà tí ó bá rí sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Ojú ewé tí aṣètò kò fún wa nìyẹn. Kí ó má sì tíì ta kọ̀ǹpútà náà.