Ìdákẹ́ Ajá Kò Sí Lẹ́nu Pàṣán

Ìlú Àbújá, tí ìjọba ológun fi òfin dá sílẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù Èrèlé ọdún 1976, tí ó sì di olú-ìlú Nàìjíríà ní ọjọ́ 12 oṣù Ọ̀pẹ ọdún 1991, jẹ́ ìlú tí a fi okùn wọ̀n kí a tó kọ́ ọ, tí olúkúlùkù onílé ibẹ̀ sì mọ odi gàgàrà yí ilé rẹ̀ ká. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo àwọn tí ó ya àwòrán ìlú náà, kò sí ẹni tí ó rí odi tí yóò dá ohùn ajá dúró. Nígbà tí ilẹ̀ bá ti ṣú ní Gwarinpa, ní Lugbe tàbí ní Kubwa, tí ẹ̀rọ amúnáwá aládùúgbò bá ti sinmi, tí ẹni tí ó ti ibi iṣẹ́ dé láti Garki sì ti sùn lọ fọnfọn, ajá kan yóò gbó lẹ́yìn géètì, èkejì yóò dá a lóhùn láti òpópónà kejì, ẹ̀kẹta tí kò tilẹ̀ mọ orí ọ̀rọ̀ yóò gbà á lẹ́nu wọn, títí gbogbo ẹ̀sítéètì yóò fi hó gèè.

Ohun tí ó mú ọ̀rọ̀ náà ta kókó ni pé ẹni tí ń ráhùn gan-an ni ó sábà máa ń fi owó ara rẹ̀ ra ariwo. Ìbẹ̀rù olè àti ti gbọ́mọgbọ́mọ ni ó sọ ajá di ọ̀ṣọ́ ilé: àwọn ọlọ́lá Maitama àti Asokoro a máa ra Rottweiler, tàbí ajá Jámánì tí a ń pè ní Alsatian, tàbí Boerboel tí ó ti Gúúsù Áfíríkà wá, mẹ̀kúnnù Nyanya àti Karu a sì máa tọ́ ajá ìbílẹ̀ wa, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Bíńgò, ìbáà jẹ́ orúkọ rẹ̀ ni tàbí kì í ṣe orúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ kan náà ni gbogbo wọn wá ṣe, gbígbó sì ni iṣẹ́ náà. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní òun fẹ́ kí ajá òun ya odi kò tíì ro ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ já. Ohun tí ó ń wá ni ajá tí yóò kéde àlejò, tí yóò sì mọ ìgbà tí ìkéde tó. Aládùúgbò rẹ̀ ní òfin lẹ́yìn pẹ̀lú, nítorí ìlànà ìjọba àpapọ̀ lórí ariwo, ti ọdún 2009, tí àjọ NESREA ń mójú tó, fi ààlà sí dẹ́síbẹ̀lì 50 lọ́sàn-án àti 35 lóru fún ilé gbígbé, ajá ńlá kan ṣoṣo tí ó bá sì gbó lábẹ́ fèrèsé ẹni kọjá méjèèjì fíìfíì.

Àṣìṣe àkọ́kọ́ tí a máa ń ṣe ni pé a ka gbígbó sí ariwo lásán. Ní ọdún 2005, Péter Pongrácz àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Eötvös Loránd, ní ìlú Budapest ní ilẹ̀ Hungary, gbé ìwádìí jáde lórí ohùn àwọn ajá darandaran tí a ń pè ní Mudi, èyí tí wọ́n gbà sílẹ̀ nígbà tí àlejò dé bá ajá, nígbà tí a so ó mọ́lẹ̀ ní òun nìkan, nígbà tí ó ń ṣeré, àti nígbà tí ó ń retí kí a mú òun jáde. Nígbà tí wọ́n gbé ohùn wọ̀nyí fún ènìyàn gbọ́, àti ẹni tí ó ń sin ajá àti ẹni tí kò sìn ín rí, wọ́n dá ti ìbínú mọ̀ yàtọ̀ sí ti ìdánìkanwà, ju bí ẹni tí ń méfò lè ṣe lọ. Ajá a máa gbó nítorí ìṣọ́, nítorí ẹ̀rù, nítorí pé ilé dá wáí, nítorí oúnjẹ tí ó ń tọrọ, àti nítorí pé ajá ẹgbẹ́ rẹ̀ gbó. Ẹni tí kò bá sì mọ èyí tí ó jẹ́ nínú wọn yóò máa fi oògùn orí wo inú rírun. (Ajá Basenji ti ilẹ̀ Kóńgò lókìkí pé kì í gbó bí àwọn yòókù, ṣùgbọ́n òun náà a máa ké ní ohùn tirẹ̀, bí ẹni ń dárin. Ajá tí kò lóhùn rárá kò sí lọ́jà.)

Ìmọ̀ tí a fi ń tú kókó yìí ti pẹ́ láyé. Ní ọdún 1898, Edward Thorndike ti Yunifásítì Columbia ní New York sọ bí òun ti ṣe ti ológbò mọ́ inú àpótí, tí òun sì rí i pé ìṣe tí ó bá ṣí ilẹ̀kùn ni ológbò ń tún ṣe, tí ìyókù sì ń rọ dànù díẹ̀díẹ̀. B. F. Skinner mú ẹ̀kọ́ náà gbòòrò nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1938, nígbà tí ó sì di 1951, ó kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Scientific American bí ẹnikẹ́ni ti lè fi oúnjẹ díẹ̀ àti ìró kékeré kan kọ́ ẹranko ní ilé ara rẹ̀. Òfin náà kò ju pé ìṣe tí ó bá mú èrè wá yóò tún wáyé, èyí tí èrè rẹ̀ bá gbẹ, òun náà yóò gbẹ. Àwọn àgbà wa tí wọ́n ní yinni-yinni kẹ́ni ó ṣèmíì kò ti ológbò kankan mọ́ àpótí.

Ẹ wá fi òfin yìí wo ajá tí ó wà lẹ́yìn géètì ní Wuse. Mẹ́ruwà ń ti ọmọlanke omi rẹ̀ kọjá lówùúrọ̀, ajá gbó, mẹ́ruwà lọ. Kì í ṣe pé ó sá, ilé oníbàárà rẹ̀ ni ó ń lọ láti ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n lójú ajá, ohùn òun ni ó lé ọ̀tá lọ. Lẹ́yìn èyí ni oníbúrẹ́dì, lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn agbàdọ̀tí, lẹ́yìn wọn ni àwọn ọmọ iléèwé, gbogbo wọn ni ajá sì ń ṣẹ́gun láti àárọ̀ títí di alẹ́. Jagunjagun wo ni yóò fi irú ogun bẹ́ẹ̀ sílẹ̀?

Onílé tí ó yọrí láti ojú fèrèsé, tí ó ń kígbe pé "Bíńgò, dákẹ́!" ní ohùn rara, ti dara pọ̀ mọ́ ogun náà, nítorí ajá kò gbọ́ ju pé ọ̀gá òun náà ń gbó lọ. Ẹlòmíràn a gbé pàṣán. N kò ní purọ́, pàṣán a máa pa ajá lẹ́nu mọ́ fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ajá ń kọ́ níbẹ̀ ni pé nígbàkígbà tí àlejò bá yọ, ìyà ń bọ̀, ẹ̀rù àlejò yóò sì túbọ̀ wọ̀ ọ́ lára, tàbí kí ó kọ́ láti má ṣe kìlọ̀ mọ́ kí ó tó bu ènìyàn jẹ. Ní ilẹ̀ Pọtogí, Ana Catarina Vieira de Castro àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wo ajá 92 láti àwọn iléèwé tí ń kọ́ ajá, wọ́n sì yẹ itọ́ wọn wò. Ìwádìí náà, tí ó jáde ní ọdún 2020, fi hàn pé àwọn tí a fi ìyà kọ́ ní àmì ìnira lára ju àwọn tí a fi èrè kọ́ lọ. Ní ọdún 2021 ẹgbẹ́ àwọn dókítà ẹranko ti Amẹ́ríkà tí ń mójú tó ìwà ẹranko sọ ọ́ gbangba pé èrè ni kí a fi máa kọ́ gbogbo ajá, ilẹ̀ Wales sì ti fòfin de okùn ọrùn oníná láti ọdún 2010. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í nini lára.

Báwo ni a ṣe ń ṣe é? Kí a tó kọ́ ajá ní ohunkóhun, kí a kọ́kọ́ mú ohun tí ń tọ́ ọ níjà kúrò lójú rẹ̀: kí a fi tapólì bo géètì tí ó ní ihò, tàbí kí a gbé ilé ajá lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Àṣà kan wà ní Àbújá, tí n kò fẹ́ràn rárá, pé kí a ti ajá mọ́ àgò láti òwúrọ̀ di alẹ́ kí ó lè rorò. Irú ajá bẹ́ẹ̀ a máa gbó nítorí pé kò ní iṣẹ́ mìíràn. Kí a mú un rìn kí oòrùn tó mú, kí a sì fọ́n oúnjẹ rẹ̀ sínú koríko kí ó máa fi imú wá a.

Lẹ́yìn náà, kí a se ìwe adìẹ tàbí ẹ̀dọ̀ màlúù láìfi iyọ̀ àti ata sí i, kí a gé e wẹ́wẹ́. (Sùúyà kọ́ o! Bí ìlú náà ti fẹ́ràn sùúyà tó, àlùbọ́sà inú rẹ̀ a máa ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́.) Kí ọ̀rẹ́ kan kan géètì. Ajá yóò gbó. Kí a sún mọ́ ọn, kí a fi ohùn pẹ̀lẹ́ wí pé "Ó tó" lẹ́ẹ̀kan péré, kí a gbé ẹran sí i nímú. Níwọ̀n bí ó ti ṣòro fún un láti máa gbóòórùn kí ó sì máa gbó pọ̀, yóò dánu dúró, lójú ẹsẹ̀ náà ni kí a wí pé "O káre!" kí ẹran sì tẹ̀ lé e. Bí èrè bá pẹ́ kí ajá tó rí i gbà, tí ó ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbó, gbígbó náà ni a sanwó fún. Nígbà tí ó bá ti mọ èyí, kí a jẹ́ kí ìdákẹ́ pẹ́ díẹ̀ sí i kí èrè tó dé, ìṣẹ́jú-àáyá méjì, lẹ́yìn náà márùn-ún, lẹ́yìn náà mẹ́wàá. Èyí tí àwọn ènìyàn sì máa ń gbàgbé jù ni pé bí mẹ́ruwà bá kọjá tí ajá kò gbó, ìgbà náà gan-an ni kí a sáré fún un ní ẹran.

Ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ajá tí ara rẹ̀ ti gbóná kò lè gbọ́ "ó tó", ẹran pàápàá kò ní í tà létè rẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń jẹ́ kí àlejò ìdánrawò dúró lókèèrè ní ìbẹ̀rẹ̀, níbi tí ajá yóò ti rí i láìgbó, kí a máa sanwó ìdákẹ́ náà, kí àlejò sì máa sún mọ́ tòsí lójoojúmọ́.

Ti ajá tí ń gbó láti tọrọ yàtọ̀. Èyí kì í fẹ́ ju kí a kẹ́yìn sí i títí yóò fi dákẹ́, ṣùgbọ́n kí onílé mọ̀ pé kí ó tó dára, yóò kọ́kọ́ burú sí i, nítorí ẹni tí owó oṣù rẹ̀ kò dé a máa pariwo kí ó tó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹni tí ó bá juwọ́ sílẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ kẹta ti kọ́ ajá pé àforítì ló ń mówó wá, èrè tí ń wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan yìí sì ni ó ń mú kí ìwà ta gbòǹgbò jùlọ.

Gbogbo ilé ni yóò fẹnu kò. Bí ìyàwó ilé bá ń wí pé "ó tó", tí máígádì ń wí pé "ya isa" ní èdè Haúsá, tí àwọn ọmọ sì ń ju òkúta, ajá kò ní mọ èyí tí yóò tẹ̀ lé. Kí gbogbo wọn mú ọ̀rọ̀ kan, kí ẹran díẹ̀ sì máa wà lọ́wọ́ máígádì, nítorí òun ni olùkọ́ gan-an lóru.

Ẹni tí ó bá ṣiyèméjì pé ẹran wẹ́wẹ́ lè ṣe irú iṣẹ́ yìí, kí ó ronú nípa òkété, ẹran tí àwa ń yan jẹ. Ní Morogoro, ní ilẹ̀ Tanzania, àjọ APOPO ń fi ìró kékeré àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ kọ́ òkété láti gbóòórùn àdó olóró tí a rì mọ́lẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, Magawa, tí ó ṣiṣẹ́ ní Cambodia, gba àmì-ẹ̀yẹ wúrà láti ọwọ́ àjọ PDSA ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 2020. Ẹnikẹ́ni kò nà án dé ibẹ̀.

Bí ohùn ajá bá dédé yí padà, tí ó há tàbí tí ó ya, tí ajá sì ń da itọ́ lẹ́nu, kì í ṣe ọ̀ràn ẹ̀kọ́ mọ́. Dìgbòlugi a máa mú ọ̀fun ajá, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe fọwọ́ kàn án, kí wọ́n ké sí dókítà ẹranko kíákíá. Ajá tí ó ti dàgbà tí ó ń gbó lóru láìnídìí náà lè máa jẹ ìrora. Yunifásítì ìjọba àpapọ̀ tí ó wà ní Àbújá ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ìṣègùn ẹranko ní Gwagwalada, dókítà ẹranko sì wà káàkiri ìlú.

Fún ajá tí ara rẹ̀ le, ìdánwò tí ó kù ni ti òru. Kí ó gbó ní ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin nígbà tí ó bá gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́bàá odi. Kí máígádì dìde, kí ó tan tọ́ọ̀ṣì, kí ó wò. Bí ó bá jẹ́ ẹni tí ń lọ jẹ́jẹ́ ni, kí ó wí pé "ó tó", kí ó sì sanwó. Bí ó bá jẹ́ ẹni tí ń gun odi ni, kí ó pa ẹnu ara rẹ̀ mọ́, kí ó jẹ́ kí ajá ṣe iṣẹ́ tí a torí rẹ̀ rà á.