Bátìrì Kékeré Tí Ń Dá Tírélà Dúró: Ọ̀rọ̀ Láti Zongo ní Niamey

Àwọn Hausa ni wọ́n ni ọ̀rọ̀ náà, zango, tí a sọ di Zongo. Ibùsọ̀ ni ìtumọ̀ rẹ̀: ibi tí ọ̀wọ́ àwọn oníṣòwò máa ń sọ ẹrù kalẹ̀ lẹ́yìn ràkúnmí àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, kí wọ́n lè sinmi kí ilẹ̀ tó mọ́. Bí Sábó ti jẹ́ ní Ìbàdàn, bẹ́ẹ̀ ni Zongo jẹ́ ní Niamey, ìlú tí àwọn Faransé gbé olú-ìlú Niger wá láti Zinder ní ọdún 1926. Àdúgbò àlejò àti ti ọlọ́jà ni, ọmọ Yorùbá tí ń ṣòwò kọjá Odò Ọya kò sì ṣàjèjì rẹ̀.

Ràkúnmí ti fi ọ̀nà sílẹ̀ fún ọkọ̀. Niger kò ní etíkun, nítorí náà ọ̀nà tí ó tó 1,000 kìlómítà ni ẹrù ń rìn láti èbúté Cotonou, gba Parakou, Malanville, Gaya àti Dosso, kí ó tó wọ Niamey. Lẹ́yìn tí àwọn ológun gba ìjọba ní oṣù Keje ọdún 2023, tí ààlà Benin sì dí, ọ̀pọ̀ ẹrù bẹ̀rẹ̀ sí í gba Lomé àti ilẹ̀ Burkina Faso. Èyí tí ó wù kí a gbà nínú ọ̀nà méjèèjì, ẹ̀yìn ọkọ̀ ni ìrẹsì, ṣúgà àti sìmẹ́ǹtì ń gbà wọlé. Lẹ́yìn àwọn tírélà ńláńlá, a tún ń rí àwọn kékeré tí ọkọ̀ jíìpù ń wọ́, tí wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ tàbí àgbá omi, àti ilé orí táyà tí àwọn òyìnbó ń pè ní káráfáànì.

Ìbéèrè kan ni a fẹ́ bi gbogbo ẹni tí ń fi ọkọ̀ wọ́ ẹrù: bí ìkọ́ tí ó so tírélà mọ́ ọkọ̀ bá já lójú ọ̀nà, kí ni yóò dá tírélà náà dúró? Kò ní awakọ̀, kò sì ní ojú. Bí ó bá já lórí afárá Kennedy, tàbí ní ìdojúkọ ọjà nígbà tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ń rékọjá títì, ẹni tí ó bá kọ́kọ́ kàn ni yóò pa.

Ọ̀nà mẹ́ta pàtàkì ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ gbà dáhùn ìbéèrè yìí. Lára tírélà ńlá, afẹ́fẹ́ ni ó ń ṣiṣẹ́ bíréèkì. Bí rọ́bà afẹ́fẹ́ náà bá já, afẹ́fẹ́ á tú, bíréèkì á sì di táyà mú fúnra rẹ̀. Lára káráfáànì àti tírélà kékeré ilẹ̀ Europe, okùn onírin tẹ́ẹ́rẹ́ ni a so mọ́ ọkọ̀. Bí ìkọ́ bá já, okùn náà á fa bíréèkì ọwọ́ tírélà kí òun náà tó já. Méjèèjì yìí kò bèèrè bátìrì. Ẹ̀kẹta ni èyí tí ó wọ́pọ̀ ní Amẹ́ríkà àti Australia, òun ni ọ̀rọ̀ wa lónìí, nítorí òun ni ó rọrùn jù lọ láti gbàgbé.

Nínú táyà irú tírélà bẹ́ẹ̀ ni òòfà wà, tí iná mànàmáná ń mú kí ó fa bíréèkì. Láti inú ọkọ̀ ni iná náà ti ń wá. Ṣùgbọ́n bí tírélà bá já, wáyà iná á já pẹ̀lú rẹ̀. Nítorí náà ni a ṣe de bátìrì kékeré kan mọ́ iwájú tírélà, tí a ki èèkàn kékeré bọ inú ṣíwíìṣì rẹ̀, tí a sì fi okùn onírin so èèkàn náà mọ́ ọkọ̀. Bí tírélà bá já, èèkàn á yọ, iná bátìrì á wọ inú òòfà, bíréèkì á sì mú.

Ibi tí ewu wà nìyí. Bátìrì ọkọ̀ kò lè kú kí awakọ̀ má mọ̀, nítorí ọkọ̀ kò ní ṣíná. Bátìrì tírélà lè kú láti èṣí, kí tírélà sì máa rìn káàkiri, kí ó má hàn sí ẹnikẹ́ni, títí di ọjọ́ tí ìkọ́ yóò já.

Ẹ̀yin olùkọ́, ìṣirò rẹ̀ kò le fún ọmọ ilé-ìwé. Òfin Amẹ́ríkà àti ti Australia béèrè pé kí bíréèkì náà di táyà mú fún ìṣẹ́jú 15, ó kéré tán. Òòfà kan ń jẹ iná bí ámípù 3. Tírélà onítáyà mẹ́rin yóò jẹ 12. Ìṣẹ́jú 15 jẹ́ ìdá mẹ́rin wákàtí. Ìdá mẹ́rin 12 sì jẹ́ 3. Èyí ni pé bátìrì náà gbọ́dọ̀ lè pèsè ámípù 3 fún odidi wákàtí kan. Bátìrì fólítì 12 tí ó wọ́pọ̀ fún iṣẹ́ yìí máa ń ru àmì 5. Ẹni tí ó bá wo 5 yóò rò pé àyè ṣì pọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀: díẹ̀díẹ̀, fún wákàtí 20, ni a fi ń wọn 5 náà, bí a bá fa iná rẹ̀ kíákíá, kì í pé 5 mọ́. Bí bátìrì bá sì gbó tí agbára rẹ̀ kù sí ìdajì, 2½ ni ó kù, kò sì tó 3. Ẹni tí ó ní tírélà onítáyà mẹ́fà gbọ́dọ̀ wá bátìrì tí ó tóbi ju ti 5 lọ.

Ooru Niamey tún ń dá kún un. Ní oṣù Kẹrin, ooru ọ̀sán máa ń kọjá 40. Irú bátìrì olójé báyìí fẹ́ràn ibi tí ooru kò ju 25 lọ. Bí ooru bá fi 10 lé sí i, ìgbà ayé rẹ̀ yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ dín sí ìdajì. Bátìrì tí ì bá lo ọdún mẹ́rin níbi tútù lè má lo ju méjì lọ. Bí a bá tún fi í sílẹ̀ láìní iná nínú, òjé inú rẹ̀ á di líle, kò sì ní gba iná dáadáa mọ́. Eruku ọyẹ́ ń wọ ẹnu wáyà, ìpẹtà á sì tẹ̀lé e.

Ìtọ́jú rẹ̀ kò gba owó púpọ̀. Èkíní, kí rìwáyà tí ó mọṣẹ́ rí i pé iná ń ti ara ọkọ̀ wọ inú bátìrì náà nígbà tí a bá ń rìn. Bí tírélà bá ń pẹ́ nílẹ̀, àwo kékeré tí ń sọ oòrùn di iná, pẹ̀lú ẹ̀rọ tí kò jẹ́ kí iná pọ̀ jù, yóò ṣe iṣẹ́ náà. Oòrùn kò wọ́n ní Niamey. Èkejì, kí a fi mítà wọ̀n ọ́n: bátìrì tí ó kún tí ó sì sinmi yóò fi nǹkan bíi fólítì 12.6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ hàn. Èyí tí ó bá fi 12 hàn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Ẹ̀kẹta, kí a má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé iná kékeré tí ń tàn lára àpótí rẹ̀, nítorí bátìrì tí kò lágbára mọ́ lè tan iná bẹ́ẹ̀.

Ìdánwò tòótọ́ ni kí a yọ wáyà iná tírélà kúrò lára ọkọ̀, kí a fa èèkàn náà yọ, kí a sì fi ọkọ̀ wọ́ tírélà díẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bí táyà bá dì pinpin, ó dára. Bí ó bá ń yí, kí ọkọ̀ má ṣe kúrò níbẹ̀. Kí a tètè dá èèkàn padà, kí iná má baà tán. Ara ọkọ̀ gan-an ni kí a so okùn èèkàn mọ́, kì í ṣe ara ìkọ́ tí ó lè já. Kí ó má wọ́ nílẹ̀. Bátìrì yìí kì í ṣe ti rédíò, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti fóònù tàbí gílóòbù ẹlẹ́sùn ọjà. Ẹni tí ó bá yá a fún nǹkan mìíràn, ẹ̀mí ọmọ ẹlòmíràn ni ó yá.

Àwọn kan yóò wí pé òfin òyìnbó ni gbogbo èyí. Ẹ jẹ́ kí a dá wọn lóhùn. Àdéhùn ìrìnnà tí a ṣe ní Vienna ní ọdún 1968 pàṣẹ pé kí tírélà tí ó wúwo dúró fúnra rẹ̀ bí ìkọ́ bá já. Àwọn tí ìwọ̀n wọn àti ẹrù wọn kò kọjá 1,500 kílò nìkan ni ó fi ẹ̀wọ̀n kejì gbà fún. Niger wọ inú àdéhùn náà ní ọdún 1975, Nàìjíríà sì wọ inú rẹ̀ ní ọdún 2018. Àwọn ìjọba tí ó ti gba òmìnira ní ọdún 1960 ni wọ́n tọwọ́ bọ̀ ọ́. Kò sí gómìnà òyìnbó kankan tí ó mú ọwọ́ wọn. Orílẹ̀-èdè tí ó bá fẹ́ kí ayé ka òun sí gbọ́dọ̀ máa pa òfin tí òun fúnra rẹ̀ gbà mọ́, ìbáà jẹ́ níbi tí ọlọ́pàá kò sí.

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Kí olùkọ́ kọ ìṣirò yìí sára pátákó. Kí onítírélà kọ oṣù àti ọdún tí ó ra bátìrì sára rẹ̀, kí ó sì pààrọ̀ rẹ̀ kí ó tó gbó. Kí awakọ̀ tí yóò gbéra ní Zongo ní ìdájí sì fa èèkàn náà yọ ná, kí ó wo táyà, kí ó tó dágbére fún ará ilé.