Ẹ̀ṣẹ́ Tí Ó Yára àti Imú Tí Ó Ń Ṣẹ̀jẹ̀

Àwọn àgbà a máa wí pé ìjà kò dọlà, orúkọ ni í sọ ni. Òtítọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí bí ó bá jẹ́ ìjà ìgboro ni à ń sọ, níbi tí inú ti ń bí ènìyàn méjì, tí wọ́n sì ń lu ara wọn láìsí òfin. Ṣùgbọ́n ìjà ẹ̀ṣẹ́ tí a ń jà láàárín okùn yàtọ̀ sí èyí. Ó ní òfin, ó ní adájọ́, ó ní ìwọ̀n àkókò, ó sì ti sọ àwọn ọmọ Nàìjíríà kan di olókìkí káàkiri ayé. Ní ọdún 1957, Hogan Bassey, ọmọ agbègbè Kàlàbá, gba adé àgbáyé ní ìlú Párísì. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1963, Dick Tiger lu Gene Fullmer, ará Amẹ́ríkà, ní pápá ìṣeré Liberty ní Ìbàdàn, tó bẹ́ẹ̀ tí ọkùnrin náà kò fi lè jáde wá fún abala kẹjọ. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, Nojeem Maiyegun gba àmì-ẹ̀yẹ idẹ ní ìdíje Òlíḿpíìkì ní Tokyo, èyí tí ó jẹ́ àkọ́kọ́ irú rẹ̀ fún Nàìjíríà.

Ìbínú kọ́ ni ó gbé àwọn wọ̀nyí dé ipò, ẹ̀kọ́ ni. Nínú ẹ̀kọ́ náà, méjì ni a ó gbé yẹ̀ wò níhìn-ín: bí ọwọ́ iwájú ṣe lè yára, àti ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe nígbà tí imú bá ṣẹ̀jẹ̀ níbi ìdánrawò. Ó lè dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ méjì tí kò tan mọ́ra ni wọ́n, ṣùgbọ́n ọmọ ìyá ni wọ́n. Ìfarabalẹ̀ ni ó bí àwọn méjèèjì.

Ẹ̀ṣẹ́ tí àwọn akànṣẹ́ ń pè ní jáàbù ni ẹ̀ṣẹ́ ọwọ́ tí ó wà níwájú. Ẹni tí ó ń lo ọwọ́ ọ̀tún a máa fi ẹsẹ̀ òsì àti ọwọ́ òsì síwájú. Ọlọ́wọ́ òsì a sì máa ṣe ìdàkejì rẹ̀. Jáàbù kì í sábà gbé ènìyàn ṣubú, ṣùgbọ́n òun ni ó ń wọn àyè tí ó wà láàárín àwọn méjì tí ń jà, òun ni ó ń dí alátakò lọ́wọ́, òun ni ó sì ń ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún ọwọ́ kejì tí ó wúwo. A lè fi í wé ọ̀pá tí afọ́jú fi ń wá ọ̀nà. Anthony Joshua, ẹni tí ìdílé rẹ̀ ti Ṣágámù wá, fi iyì jáàbù han ayé. Ní oṣù kẹfà ọdún 2019, Andy Ruiz lù ú bolẹ̀ ní New York, ó sì gba adé lórí rẹ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún kan náà wọ́n tún pàdé ní ilẹ̀ Saudi Arabia. Lọ́tẹ̀ yìí Joshua kò bá a wọ̀yá ìjà rárá. Ó dúró lókèèrè, ó ń ju jáàbù, ó ń yẹ̀ sẹ́yìn, fún odidi abala méjìlá. Báyìí ni ó ṣe gba adé rẹ̀ padà.

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ rò pé agbára apá ni ó ń mú ẹ̀ṣẹ́ yára. Kò rí bẹ́ẹ̀. Iṣan tí ó bá ti le kí ẹ̀ṣẹ́ tó jáde yóò máa fa ọwọ́ sẹ́yìn ni, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó di bíréèkì kẹ̀kẹ́ mú tí ó sì tún ń wa kẹ̀kẹ́ náà lọ. Nítorí náà, kí èjìká rọ̀, kí ọwọ́ má sì le gírígírí nínú ìbọ̀wọ́. Ìgbà tí ẹ̀ṣẹ́ bá kù díẹ̀ kí ó balẹ̀ ni kí a tó dì í pinpin. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni kí ó ti ara síwájú, kí ẹsẹ̀ iwájú sún díẹ̀, kí èjìká tẹ̀ lé e, kí ọwọ́ sì lọ tààrà bí ọfà. Kí a má ṣe fa ìgbọ̀nwọ́ sẹ́yìn kí a tó ju ẹ̀ṣẹ́, nítorí ẹni tí ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ dà bí olè tí ó lu agogo kí ó tó wọlé.

Kò sí ohun èlò olówó gọbọi tí ẹ̀kọ́ yìí ń béèrè. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ní Kàbà, tàbí ní ìletò èyíkéyìí ní ilẹ̀ Ìyàgbà, Ìjùmú àti Bùnú, lè fi dígí, okùn fífò àti bọ́ọ̀lù kékeré kan bẹ̀rẹ̀. Kí ó dúró níwájú dígí fún ìṣẹ́jú 3, nítorí pé ìṣẹ́jú 3 ni abala kan ní ìdíje Òlíḿpíìkì. Kí ó máa ju jáàbù sínú afẹ́fẹ́, kí ó sì máa wò bóyá èjìká rẹ̀ ń tú àṣírí ọwọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ó sinmi fún ìṣẹ́jú 1. Kí ó fi rọ́bà tí ń fà so bọ́ọ̀lù náà mọ́ òkè àti ilẹ̀, kí ó máa gbá a, kí ó sì tún máa bá a pàdé bí ó ti ń padà bọ̀. Èyí a máa kọ́ ojú àti ọwọ́ pọ̀. Nígbà tí ọwọ́ bá rẹ̀ tí ó ń falẹ̀, kí ó dáwọ́ dúró, nítorí ẹni tí ó ń fi ọwọ́ tí ó ti rẹ̀ dánra wò, ìfàlẹ̀ ni ó ń kọ́ ọ.

Bí jáàbù ti yára jáde, bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó gbọ́dọ̀ yára padà wálé, lójú ọ̀nà kan náà, kí ó sì dúró lẹ́bàá àgbọ̀n. Níhìn-ín ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń jìyà. Bí ọwọ́ bá rọ̀ wálẹ̀ lẹ́yìn tí ó ti lọ, ojú ṣí sílẹ̀ nìyẹn, jáàbù ẹni kejì a sì bá imú. Olùkọ́ gbọ́dọ̀ wà níbi ìdánrawò nígbà gbogbo. Kí ìbọ̀wọ́ nípọn, kí rọ́bà eyín wà lẹ́nu, kí ìborí sì wà lórí. Síbẹ̀ ìborí kò lè dá gbogbo ẹ̀ṣẹ́ tí ó dojú kọ imú dúró, bẹ́ẹ̀ ni kò lè gba ọpọlọ lọ́wọ́ ìmìjìgìjìgì. Nítorí náà kí àwọn méjèèjì máa ju ẹ̀ṣẹ́ wọ́ọ́rọ́wọ́; ìdánrawò kì í ṣe ìdíje.

Lára ògiri tí ó pín imú sí méjì, nítòsí ẹnu ihò rẹ̀, ni àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín pọ̀ sí, awọ tí ó sì bò wọ́n fẹ́lẹ́. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀jẹ̀ imú ti ń wá. Nígbà ọyẹ́, tí afẹ́fẹ́ gbígbẹ láti aṣálẹ̀ bá ń fẹ́ kọjá lórí àwọn òkè Kàbà, awọ yìí a gbẹ, a sì máa sán. Ẹ̀ṣẹ́ kékeré ti tó láti bẹ́ ẹ. Kí akànṣẹ́ máa mu omi dáadáa ní àkókò náà, kí ó fi fàsìlínì díẹ̀ pa ẹnu ihò imú, kí ó má sì máa fi èékánná tọ́ inú rẹ̀.

Bí imú bá ṣẹ̀jẹ̀, kí ìdánrawò dúró lójú ẹsẹ̀. Kí ẹni náà jókòó, kí ó tẹ orí síwájú díẹ̀, kí ó fi àtàǹpàkò àti ìfábẹ̀lá fún ibi rírọ̀ imú pọ̀, ní ìsàlẹ̀ egungun, fún ìṣẹ́jú 10 sí 15 láìtú u wò. Kí ó máa fi ẹnu mí, kí ó sì máa tu ẹ̀jẹ̀ tí ó bá dé ẹnu dànù. A lè fi omi dídì tí a wé sínú aṣọ lé orí imú. Ẹni tí ó ń ràn án lọ́wọ́ kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ lásán kan ẹ̀jẹ̀, kí a sì nu ìbọ̀wọ́ àti ilẹ̀ mọ́ nítorí àrùn.

Àṣà gbígbé orí sẹ́yìn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń dá kò dára. Kò dá ẹ̀jẹ̀ dúró. Ọ̀nà ọ̀fun ni ó kàn ń darí rẹ̀ sí, níbi tí ó ti lè mú ni bì tàbí kí ó fún ni lọ́fun. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá dá, kí ẹni náà má fun imú, kí ó má gbé ẹrù wúwo, kí ó má sì padà sínú okùn lọ́jọ́ náà.

Àwọn àmì kan wà tí kò gba ìdúró rárá. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dá lẹ́yìn ìṣẹ́jú 20, bí imú bá wọ́, bí inú rẹ̀ bá wú tí ó sì dí, bí omi mímọ́ gaara bá ń kán láti inú rẹ̀, tàbí bí orí bá ń fọ́ ni, tí òòyì ń kọ́ ni, tí ènìyàn sì ń bì, ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ láìjáfara. Wíwú inú imú tí a bá fi sílẹ̀ lè ba egungun rírọ̀ rẹ̀ jẹ́ títí láé. Èyí tí ó kan orí sì lè gba ẹ̀mí.

Kò sí ìtìjú nínú kí akẹ́kọ̀ọ́ sọ fún olùkọ́ rẹ̀ pé ara òun kò dá. Èjìká tí ó rọ̀ ni ó ń mú ọwọ́ yára. Ẹni tí ó fara balẹ̀ jókòó ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń tètè dá. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Èyí tí a bá fi agbára mú ni í nini lára.